Bí Ẹ Bá Rí Iná Ọkọ̀ Tí Ó Ń Tàn, Ẹ Sọ

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò tóbi lójú ẹni. Gbogbo wa ni a máa ń gbọ́ ọ ní ọjọ́ Àṣálàátù láti ẹnu àwọn tí ń bójú tó ètò: "Ẹni tí ó ni ọkọ̀ aláwọ̀ eérú tí ó wà lábẹ́ igi dóńgóyárò, ẹ jọ̀wọ́, iná ọkọ̀ yín ń tàn." Àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹnì kan yóò fọwọ́ kan àpò rẹ̀ wò bóyá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà níbẹ̀, wáàsí yóò sì máa tẹ̀síwájú. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ohun méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Èkínní ni ìmọ̀ tí ó yẹ kí ẹni tí ó ni ọkọ̀ ní. Èkejì ni ojúṣe tí ó wà lọ́rùn ẹni tí ó rí iná náà. Èkejì yìí ni mo kà sí pàtàkì jù, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ti orí èkínní bẹ̀rẹ̀.

Òru kọ́ ni ènìyàn sábà máa ń gbàgbé iná ọkọ̀. Ní òru, ìmọ́lẹ̀ yóò tàn sí ara ògiri tí ó wà níwájú, ojú awakọ̀ yóò sì rí i. Ọ̀sán ni kí a ṣọ́ra fún. Àwa tí a ń gbé ní Kàdúná àti agbègbè rẹ̀ mọ àwọn ìgbà tí à ń tan iná ọkọ̀ nígbà tí ilẹ̀ ti mọ́: ní oṣù December àti January, nígbà tí ọyẹ́ bá fi eruku bo ojú ọ̀nà, ní oṣù August, nígbà tí òjò bá ń rọ̀ kíkankíkan lójú ọ̀nà Abuja, àti ní ìdájí, nígbà tí a bá ń lọ kírun Àsùbáà tí ojúmọ́ sì mọ́ bá wa lọ́nà. Nígbà tí a ó bá fi dé ibi tí à ń lọ, oòrùn ti yọ tàbí òjò ti dá. Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ ti borí ìmọ́lẹ̀ iná. A ó pa ẹ́ńjìnì, a ó gbé ọmọ sọ̀kalẹ̀, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó sì wọlé lọ. Iná ń tàn lẹ́yìn wa, ojú wa kò sì rí i.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ó ní agogo kékeré kan tí ń ké bí a bá ṣí ilẹ̀kùn nígbà tí iná ṣì ń tàn. Àwọn ọkọ̀ tuntun mìíràn tilẹ̀ máa ń pa iná náà fúnra wọn. Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ tí ó ti pẹ́ láyé ni púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí à ń lò. Agogo òmíràn ti bàjẹ́. Òmíràn sì ni a ti ní kí àwọn tí ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe já dànù, nítorí pé ariwo rẹ̀ ń yọ wá lẹ́nu. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un so. Agogo tí ó yọ ni lẹ́nu fún ìṣẹ́jú kan sàn ju ọkọ̀ tí kò dáhùn ní òru lọ.

Kí ni iná náà ń ṣe sí bátìrì gan-an? Bátìrì tí a fi òjé àti omi áṣíìdì ṣe kì í ṣe ohun tuntun. Ará ilẹ̀ Faransé kan, Gaston Planté, ni ó ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1859. Iyàrá mẹ́fà ni ó wà nínú ti ọkọ̀ wa, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó fóòtì 2, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní bátìrì fóòtì 12. Bí ó bá kún dáadáa, òṣùwọ̀n rẹ̀ yóò tó 12.6. Bí ó bá ti wálẹ̀ kọjá 12, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan lójú ẹni tí kò mọ̀. Iṣẹ́ pàtàkì rẹ̀ ni láti fún sítátà ní agbára ńlá fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, kí ẹ́ńjìnì lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn àgbà nínú yín yóò rántí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ tí ọmọ ọkọ̀ ń fi irin yí ẹ́ńjìnì wọn níwájú, tí irin náà lè ta padà kí ó sì ṣẹ́ ènìyàn lápá. Sítátà oníná tí Charles Kettering ṣe, èyí tí ó wọ inú ọkọ̀ Cadillac ti ọdún 1912 ní Amẹ́ríkà, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí gba àwọn awakọ̀ lọ́wọ́ irin yẹn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ohun gbogbo ti di ọwọ́ bátìrì. Bí bátìrì bá kú, ọkọ̀ di àpótí irin lásán.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Gílóòbù iwájú ọkọ̀ tí ó wọ́pọ̀ ń lo wáàtì 55. Méjì rẹ̀ jẹ́ 110. Bí a bá fi àwọn iná kéékèèké ẹ̀yìn ọkọ̀, iná nọ́ńbà ọkọ̀ àti ti iwájú awakọ̀ kún un, ó lè tó nǹkan bíi wáàtì 130. Bí a bá fi 12 pín in, a ó rí nǹkan bíi ámpíà 11. Bátìrì ọkọ̀ kékeré tí a kọ 45 sí lára, bí ó bá jẹ́ tuntun tí ó sì kún, lè gbé ẹrù yẹn fún nǹkan bíi wákàtí 4 kí ó tó gbẹ. Èyí tí ó ti lo ọdún mélòó kan nínú ooru ilẹ̀ Àríwá kì í dé ibẹ̀. Wákàtí 2 lè tó láti mú kí ó má lè yí sítátà mọ́. Àṣálàátù wa ńkọ́? Bí a bá bẹ̀rẹ̀ ní aago 8 òwúrọ̀ tí a sì parí ní aago 12, wákàtí 4 géérégé ni. Ìdí rèé tí ó fi jẹ́ pé lẹ́yìn àdúà ìparí ni à ń rí àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ká jálàbíà sókè, tí wọ́n ń ti ọkọ̀ nínú eruku.

Iná kékeré tí ó wà ní òrùlé inú ọkọ̀ kò burú tó bẹ́ẹ̀, nítorí wáàtì 5 tàbí 10 ni ó sábà máa ń lò. Bátìrì tuntun lè fara dà á fún ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí bátìrì bá ti gbó, tí ọmọdé kò sì ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dáadáa, òru kan péré tó láti pa á.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé bátìrì tí ó ti gbẹ tán kì í sábà padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Bí agbára bá ti ń jáde nínú rẹ̀, nǹkan funfun kan máa ń bo àwọn àwo òjé tí ó wà nínú. Bí a bá tètè ṣájì rẹ̀, nǹkan funfun náà yóò yòrò padà sínú omi. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, yóò le gbagidi, ibi tí ó bò kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ooru oṣù March àti April tí a mọ̀ níhìn-ín náà ń gbẹ omi rẹ̀, ó sì ń dín ọjọ́ ayé rẹ̀ kù. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti bá yín ṣíná sí ọkọ̀, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ̀rọ alternator tí ń dá agbára padà sínú bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe èyí tí a ṣe láti fi kún bátìrì tí ó ti gbẹ pátápátá. Ẹ gbé bátìrì náà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣájì bátìrì ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ sì jẹ́ kí ó fara balẹ̀ kún di ọjọ́ kejì. Ẹni tí ó bá ti béèrè iye tí wọ́n ń ta bátìrì tuntun lóde òní yóò mọ̀ pé ìmọ̀ràn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Nínú ẹ̀sìn wa pàápàá, ọ̀rọ̀ pípa iná kì í ṣe ohun tí a fojú kéré. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (SAW) pàṣẹ pé kí a máa pa àtùpà nígbà tí a bá fẹ́ sùn, ó sì ṣàlàyé pé eku lè fa òwú àtùpà náà kí ó sì sun ilé mọ́ àwọn onílé lórí. Hàdíìsì yìí wà nínú àkójọ Bukhari. Àtùpà, òwú àti eku: àwọn nǹkan kéékèèké inú ilé ni Ànábì wa kò ka sí ohun tí kò yẹ kí òun sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ẹ̀mí ènìyàn lè ti ibẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Àlùkùránì, nínú Súrà Al-Isrā, kọ ìnákúnàá fún wa. Ọkọ̀ tí Ọlọ́hun fi ta ni lọ́rẹ, amánà ni. Wíwo ẹ̀yìn wò lẹ́ẹ̀kan kí a tó kúrò nídìí rẹ̀ wà lára ìtọ́jú amánà.

Síbẹ̀, ìmọ̀ ẹni tí ó ni ọkọ̀ nìkan kò lè tó. Ẹni tí ó gbàgbé kò mọ̀ pé òun gbàgbé. Bí ó bá mọ̀, kì í ṣe ìgbàgbé mọ́. Kò sí ẹni tí ń fi ojú ara rẹ̀ rí ìpàkọ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn ni í bá ni rí i. Ibí yìí ni ojúṣe ẹnìkejì ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ohun tí ó mú mi kọ àròkọ yìí wà.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, arákùnrin kan nínú jamáà wa ti ibi iṣẹ́ dé ní nǹkan bíi aago 6:30 ìrọ̀lẹ́. Òjò ń rọ̀, ó sì ti tan iná ọkọ̀ láti ọ̀nà. Ilẹ̀ kò tíì ṣú. Omi kún ẹnu géètì rẹ̀, nítorí náà ó gbé ọkọ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó sì kó ẹrù rẹ̀ sáré wọlé. Nítorí òjò yìí, ilé ni ó ti kírun Màgàríbì àti Ìṣáì pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀. Ní nǹkan bíi aago 11 òru, ara ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta gbóná janjan, gìrì sì mú un. Baba gbé ọmọ, ìyá mú kọ́kọ́rọ́. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ náà. Ó dún kẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò sì sọ nǹkan mìíràn mọ́. Aládùúgbò tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn tiwọn, ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí, ni ó gbọ́ igbe ìyá ọmọ tí ó sì gbé ọkọ̀ tirẹ̀ jáde pẹ̀lú aṣọ ìsùn lọ́rùn. Ọlọ́hun bá wọn ṣe é, wọ́n dé ilé ìwòsàn, ọmọ náà sì yè.

Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, àwa mélòó kan lọ kí wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti jáde. Àwọn mẹ́ta nínú jamáà ni ó kọjá níwájú ọkọ̀ náà nígbà tí wọ́n ń ti ìrun Ìṣáì bọ̀, òjò ti dá nígbà náà, gbogbo wọn ni ó sì rí iná tí ń tàn. Ẹni àkọ́kọ́ ní òun rò pé baálé ilé fẹ́ jáde padà ni. Ẹnìkejì ní òun rí i pé àwọn kan ń lọ níwájú òun, òun sì gbà pé wọn yóò ti sọ fún un. Ẹnìkẹta dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Àgbàlagbà ni. Lẹ́yìn náà ni ó sọ pé láti ìgbà tí èdè-àìyedè ti wà láàrin àwọn méjèèjì lórí owó ẹgbẹ́, òun kò fẹ́ kan ilẹ̀kùn ilé náà mọ́. Ó tọrọ àforíjì. Baba ọmọ náà dá a lóhùn pé: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti forí jì yín. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ mìíràn, bí ẹ kò bá tilẹ̀ fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kan ilẹ̀kùn kí ẹ sọ fún àwọn ọmọ." Kò sí ẹni tí ó lè fọhùn nínú yàrá náà.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kò sí ènìyàn burúkú nínú àwọn mẹ́ta yìí. Ìrun ni wọ́n lọ kí. Ohun tí ẹni àkọ́kọ́ ṣe ni gbogbo wa ń ṣe: a ó fi èrò rere bo ohun tí ó yẹ kí a béèrè. Ohun tí ẹnìkejì ṣe náà kò ṣàjèjì: bí ojú bá pọ̀ tí ó rí nǹkan, olúkúlùkù a máa rò pé ẹnu ẹlòmíràn ni yóò sọ ọ́. Ti ẹnìkẹta ni ó yẹ kí ó dẹ́rù bà wá jù, nítorí pé ìjà kékeré ni ó mú kí ojú rí kí ẹnu sì kọ̀. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (SAW) kọ́ wa pé mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà wà lára ìgbàgbọ́, ó sì kọ́ wa ní ẹ̀tọ́ aládùúgbò láìsọ pé kí a kọ́kọ́ wádìí bóyá a wà ní ìrẹ́pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà, bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ ti ẹni tí a kò bá sọ̀rọ̀, bí ó bá jẹ́ ti aládùúgbò tí ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, iná tí ń tàn ni iná tí ń tàn. Ẹ kan ilẹ̀kùn. Bí ẹ kò bá rí ẹnikẹ́ni, ẹ rán ọmọdé. Bí ẹ bá ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ẹ pè é. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó fẹ́ jáde ni lóòótọ́, ẹ kò pàdánù nǹkan kan ju ìkíni lọ, ìkíni sì ní láádá.

Fún àwọn tí ń bójú tó ètò ní mọ́sálásí àti ní Àṣálàátù, mo ní ẹ̀bẹ̀ díẹ̀. Ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa rìn yí ibi tí a gbé ọkọ̀ sí ká ní ìbẹ̀rẹ̀ ètò, kí ó tó di pé wákàtí kan kọjá. Ẹ má ṣe pe nọ́ńbà ọkọ̀ nìkan, nítorí ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ nọ́ńbà ọkọ̀ ara rẹ̀ sórí; ẹ sọ irú ọkọ̀ náà, àwọ̀ rẹ̀ àti ibi tí ó dúró sí. Ẹ jẹ́ kí ìkéde náà dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin pẹ̀lú, nítorí àwọn náà ń wakọ̀ wá. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹ tètè ṣe ìkéde kí Lèmọ́mù tó gun míńbárì, nítorí a kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí hútùbà bá ń lọ. Kí ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ sì fi nọ́ńbà rẹ̀ kọ́ aya àti ọmọ yín. Ọmọ ọdún méje tí ó mọ nọ́ńbà ọkọ̀ baba rẹ̀ lè gba odidi ilé kan là.

Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti bọ́ sórí, tí bátìrì ti kú, ẹ jẹ́ kí ìrànlọ́wọ́ wa jẹ́ ti olóye. Ọkọ̀ onígíà ọwọ́ nìkan ni a lè tì ṣíná. Ti ọ̀tọ̀mátíìkì kò ṣeé tì. Bí ẹ bá fẹ́ fi wáyà gba agbára lára ọkọ̀ mìíràn, ẹ gbé àwọn ọkọ̀ méjèèjì súnmọ́ra láìjẹ́ kí wọ́n fara kanra, kí ẹ sì pa wọ́n. Ẹ fi wáyà pupa so ibi tí àmì àròpọ̀ wà lára bátìrì tí ó kú, kí ẹ fi orí rẹ̀ kejì so ibi tí àmì àròpọ̀ wà lára èyí tí ó yè. Lẹ́yìn náà, ẹ fi wáyà dúdú so ibi tí àmì ìyọkúrò wà lára bátìrì tí ó yè, kí ẹ sì fi orí rẹ̀ tí ó kẹ́yìn so irin tí kò ní ọ̀dà lára ẹ́ńjìnì ọkọ̀ tí ó kú, kí ó jìnnà sí bátìrì. Ẹ ṣíná sí ọkọ̀ tí ó yè, ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ tó dán èkejì wò. Bí ẹ bá parí, èyí tí ẹ so kẹ́yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ tú.

Ètò yìí kì í ṣe fún àṣehàn. Bátìrì a máa tú afẹ́fẹ́ tí ń gbaná jáde. Ẹ̀tàpàrá iná kékeré lẹ́bàá rẹ̀ lè mú kí ó bú gbàmù kí ó sì da áṣíìdì sí ni lójú. Nítorí ìdí èyí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣáná tàbí tan àbẹ́là láti fi wo omi bátìrì, kí a sì lé àwọn ọmọdé jìnnà. Bí áṣíìdì bá ta sí ojú, kí a fi omi púpọ̀ fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí a sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Mo bẹ Ọlọ́hun Ọba kí Ó má jẹ́ kí ọkọ̀ wa kọ iṣẹ́ ní ọjọ́ tí a nílò rẹ̀ jù. Kí Ó fún wa ní ojú tí ń rí ohun tí ó ń ṣe ẹnìkejì, kí Ó sì fún wa ní ẹnu tí yóò sọ ọ́ ní àsìkò. Kí Ó pa ìkùnsínú rẹ́ nínú jamáà wa, kí ó má baà di ohun tí yóò dí wa lọ́wọ́ láti kan ilẹ̀kùn ara wa. Àmín.